'HARDLY' KAN ṢOṢO LÓ GBA IṢẸ́ LỌ́WỌ́ BỌ̀DÁ KÁFÍŃTÀ, ÈMI NI MO SÌ FỌWỌ́ ARA MI KỌ Ọ́

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò gbé ọ̀rọ̀ olè wá, mi ò sì gbé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó tó ń jà wá. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lójú gbogbo yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí.

Ní ọdún 2021, Bọ̀dá Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa gbọ́ pé ilé-ìwé aládàáni kan fẹ́ ṣe tábìlì 30 àti àga 60 fáwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ igi á mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù tó ti jẹ sílẹ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ mẹ́ta náà á rí nǹkan fi sápò. Obìnrin tó ni ilé-ìwé náà ti wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọwọ́ pa orí tábìlì, ó ti ti àga wò bóyá ó ń mì, kò mì. Ó ní iṣẹ́ náà wu òun. Ó kù kí Bọ̀dá Káfíńtà kọ lẹ́tà wá, kó sọ irú ẹni tó jẹ́ àti ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún un. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni o.

Ta ni Bọ̀dá Káfíńtà á wá bá bí kò ṣe èmi? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo ka ìwé mẹ́wàá, pé mo yege Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò WAEC, pé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo wà. Mo jókòó, mo gbé báírò, mo ṣe bí ẹni pé gómìnà ni mo fẹ́ kọ̀wé sí. Lára ohun tí mo kọ nìyí: "I am a carpenter who works hardly. I highly beg you to give me this work. I strongly promise that you will like it too much."

Mo kà á sókè fún un. Bọ̀dá Káfíńtà ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ó dún dáadáa létí. Ó ra mínírà tútù kan fún mi. Mo mu ún tán.

Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́. Wọ́n ti fi báírò pupa yí ọ̀rọ̀ kan ká nínú ẹ̀.

"Àbúrò, kí lo kọ sínú ìwé yìí?"

"Bọ̀dá, ohun tẹ́ ẹ ní kí n kọ náà ni. Pé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ kárakára."

"Madam yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó pe àwọn tísà ẹ̀ wá kí wọ́n wá bá òun kà á. Ó ní ẹnu èmi fúnra mi ni mo fi sọ pé èmi kì í fẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí lòun á wá gbé iṣẹ́ fún mi ṣe sí. Ó ti gbé e fún ẹlòmíràn."

Mo sáré wọlé, mo ṣí díkíṣọ́nnárì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé bí ènìyàn bá fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan, kó fi "ly" sí ìdí ọ̀rọ̀. "Slow" á di "slowly", "quick" á di "quickly". Èmi náà wá fi "ly" sí ìdí "hard", mo rò pé mo ń gbé e ga sí i ni. N ò mọ̀ pé "hard" lásán ti tó kárakára. "He works hard": ó ń ṣiṣẹ́ kárakára. Bí "ly" bá ti bọ́ sí i, ó ti di nǹkan mìíràn pátápátá. "He hardly works" túmọ̀ sí pé bóyá ló ń ṣiṣẹ́ rárá, ọ̀lẹ ni. Mo ti fi báírò ara mi pe ọkùnrin tó ń jí lago márùn-ún àárọ̀ lọ́lẹ.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí nínú. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin tó ni ilé-ìwé yẹn. Yorùbá ni wọ́n fi dúnàádúrà ní ṣọ́ọ̀bù. Yorùbá ló fi rẹ́rìn-ín. Tábìlì ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló kan lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀ ìṣó àti pákó? Ṣùgbọ́n bí ayé ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé dání, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dún bí ti òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí.

BÀBÁ TÍSÀ BI MÍ NÍ ÌBÉÈRÈ KAN

Bàbá kan wà lẹ́yìn ilé wa, iṣẹ́ tísà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Tísà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi wo ibi tí mo ti ṣì í. Wọ́n kà á, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní:

"Ata rodo tó ti pọ́n dáadáa, báwo ló ṣe pupa?"

Mo ní, "Ó pupa fòò, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé ó pupa báláú?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Sà, nǹkan funfun ló ń jẹ́ báláú."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ronú títí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi ni.

"Ó dáa. Bó ṣe rí nínú Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn. O fi 'highly' sí 'beg', ó dà bí ìgbà tí o sọ pé ata pupa báláú. Wọ́n á gbọ́ ohun tí ò ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n á wò ẹ́ lójú."

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀kọ gbígbóná ń gbóná janjan. Ẹja tó gbẹ dáadáa, ó gbẹ táútáú. Kóńgò tí ẹ bá wọn gààrí sí tí ẹ ò rẹ́ oníbàárà jẹ, ó kún fọ́fọ́. Ilẹ̀ tí ẹ gbá, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn ń sùn fọnfọn. Bí ẹnì kan bá wá kiri ọjà tó ń pariwo pé ẹja òun gbẹ fọ́fọ́, pé ọmọ òun ń sùn táútáú, ṣé ẹ ò ní máa wo ara yín lójú? Kò bú ẹnikẹ́ni, kò parọ́, ẹja ẹ̀ sì lè gbẹ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni kò bá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé rìn.

Bàbá Tísà ní ọ̀rọ̀ yìí ti ya òyìnbó lẹ́nu tipẹ́. Ní ọdún 1852, Àjàyí Crowther, ẹni tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, tẹ ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Vidal, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Sàró nígbà náà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ohun kan tó ya á lẹ́nu nínú èdè wa ni pé irú ọ̀rọ̀ bíi "fòò" yìí ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tó ń tẹ̀ lé, kò sì ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Ó kà á sí ohun tó dá Yorùbá yàtọ̀ láàrin àwọn èdè ayé.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ara wọn náà kò ṣófo. Ní ọdún 1970, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Sidney Greenbaum tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣe dà bí àlọ́ tí à ń pa fọ́mọdé. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó ní kí wọ́n parí ẹ̀ bó ṣe bá wá sí wọn lọ́kàn. Ó ní "I badly", ó dákẹ́. "Need" àti "want" ni ọ̀pọ̀ wọn kọ sí i. Ó ní "I entirely", ó dákẹ́. "Agree" ni ọ̀pọ̀ wọn kọ. Wọn ò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá wọn náà ló fi sí wọn lẹ́nu bí ìyá mi ṣe fi "fòò" sí mi lẹ́nu.

ẸNI TÓ Ń BẸ̀BẸ̀ KÌ Í WÀ LÓKÈ

Mo wá ní, "Bàbá, èwo ló wá bá èwo lọ?"

Wọ́n ní kí n wo "beg" ná. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. "High" sì ni òkè. Ibo lo ti rí ẹni tó kúnlẹ̀ lórí òrùlé? "Humbly" ló ń bá "beg" lọ, torí ìrẹ̀lẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ká ẹni lára gan-an, wọ́n lè kọ "I earnestly beg you." Wọ́n ní "highly" máa ń lọ síbi tí wọ́n bá ti ń gbé nǹkan ga, bí ìyìn. Bí tẹ́lọ̀ bá rán aṣọ tó dára fún un yín, tí ẹ fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé aṣọ lọ bá a, ẹ kọ "I highly recommend her." Ẹ ti gbé e ga nìyẹn.

"Strongly" ní tiẹ̀, agbára ló wà nínú ẹ̀, ibi tí ènìyàn bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ yẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ń fi gbani níyànjú, "I strongly advise you." Wọ́n ń fi takò, "I strongly object." Bí ẹ bá ń fura pé ọmọ ọjà ń jí owó yín, "I strongly suspect" ni. Dókítà tó ní kẹ́ ẹ sinmi, tí kò sì fẹ́ gbọ́ àwíjàre, lè sọ pé "I strongly recommend that you rest." Ẹ rí i pé "recommend" yìí ní ọ̀rẹ́ méjì: "highly" fún ìyìn, "strongly" fún ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ "strongly" sí ìdí ẹ̀bẹ̀ tàbí àforíjì. Ẹni tó bá fi agbára tọrọ àforíjì, ìjà ló kù tó ń wá.

Àforíjì, ọkàn ló ti ń wá. "I sincerely apologise" ni, bí àwa náà ṣe ń sọ pé tọkàntọkàn. Ohun tó dunni, ó máa ń jinlẹ̀ ni, torí náà "I deeply regret." Ìlérí tí mo fi "strongly" ṣe fún Bọ̀dá Káfíńtà ńkọ́? Bàbá Tísà ní òtítọ́ inú ni wọ́n fi ń ṣèlérí, "I promise faithfully."

Àwọn kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wọ aṣọ kan náà, àwọn yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ títí tí kò gbà, a ní ó kọ̀ jálẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "he flatly refused." Olè tí wọ́n ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́ tó ní kì í ṣe òun, a ní ó sẹ́ kanlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "he flatly denied it." Ẹ gbọ́ o, "flat" ni kí nǹkan tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwa ní jálẹ̀, a ní kanlẹ̀, àwọn náà ní kó tẹ́ sílẹ̀. Ta ló sọ fún ta ni? Ẹkún tún ńkọ́? A ń sọ pé ó sunkún kíkorò, àwọn náà ní "she wept bitterly." Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwa ń gbàgbé pátápátá, wọ́n ní "completely forget", ìyẹn ṣì bára mu. Òjò tiwa ń rọ̀ kíkankíkan, tiwọn wúwo, "it rained heavily." Ẹni tó bá ní òun á máa fi ọpọlọ Yorùbá mú gbogbo ẹ̀, á tún bọ́ sí kòtò tí mo bọ́ sí.

"Too" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fò, torí ó kan gbogbo wa. Lẹ́nu wa, "jù" lè jẹ́ ìyìn. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ tó dùn, á ní "ọbẹ̀ yìí dùn jù!" Inú ẹni tó sè é á dùn. Ṣùgbọ́n "too" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìfisùn ló máa ń wà nínú ẹ̀, pé nǹkan ti kọjá ibi tó yẹ kó dé. Mo kọ ọ́ sí obìnrin yẹn pé "you will like it too much", bí ẹni pé ìfẹ́ àga á pa á lára. "Very much" ni ì bá jẹ́. "Very" yìí gan-an, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni níbi tó ti wá. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un láyé àtijọ́, ohun tó sì ń jẹ́ nígbà náà ni òótọ́. Ó fara jọ bí àwa náà ṣe ń sọ pé ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ "I very thank you", ẹ má sì ṣe dá "very" nìkan sí ìparí bí a ṣe ń fi "gan-an" síparí. "Thank you very much", ó parí.

NÍGBÀ TÍ 'BADLY' FẸ́RẸ̀Ẹ́ PA ÌYÁ ALÁTA

Bí mo ṣe ń rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Aláta dé. Ìyá yìí ní ọmọ obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn ni wọ́n fi máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ òru ò jẹ́ kí ọmọ náà pè, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìyá Aláta ò mọ̀wé, ó na fóònù sí ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹ̀ pé kó bá òun kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "Mummy, I miss you badly."

Ọmọkùnrin yẹn rí "badly", ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ó burú."

Ìyá Aláta da aṣọ bo ata. Kò pa ìsọ̀ dé, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà lọ́wọ́. Ẹkún ló sun dé ọ̀dọ̀ mi, gèlè ti tú lórí ẹ̀, àwọn obìnrin ọjà mẹ́rin ń tẹ̀ lé e. Ó ní, "Akọ̀ròyìn, ọmọ mi, ẹ gbà mí. Ẹ wo ohun tó ṣe ọmọ mi."

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Àárò yín ló ń sọ ọmọ yín. Ó ní àárò náà pọ̀ gan-an ni."

"Badly ńkọ́? Ṣebí burúkú ló ń jẹ́?"

"Burúkú ni, Ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tó wà yìí."

Kò gbà. Àfìgbà tí a pe ọmọ náà tí ó gbọ́ ohùn ẹ̀, tí ọmọ náà ń bi í pé "Màámi, kí lẹ ń sunkún sí?", kó tó di pé ó mí kanlẹ̀. Owó ata ọjọ́ yẹn wọ igbó.

Ẹ má ṣe bú ọmọkùnrin oníkáàdì yẹn. Kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, tí wọ́n kọ pé "he was badly hurt", ó burú lóòótọ́, ẹ tètè sáré. Bí ọmọ bá "did badly" nínú ìdánwò, ó fìdí rẹmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí "badly" bá bá "need" tàbí "want" tàbí "miss" rìn, kò sí ibi kankan nínú ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká ẹni lára tó ló ń sọ. Bọ̀dá Káfíńtà ì bá kọ ọ́ pé "I badly need this work", òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ì bá jẹ́, òyìnbó ì bá sì gbọ́ ọ yé. Àwa náà sì ń ṣe é. Ẹ gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń sọ pé "mo gbádùn ẹ̀ burúkú." Ṣé ohun tó burú ni wọ́n gbádùn ni?

Èyí tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ kan ẹ̀yin tẹ́lọ̀. Àǹtí kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa rán bùbá, ìró àti gèlè fún òyìnbó obìnrin kan láti ìlú Ọba. Obìnrin náà kọ̀wé sí i pé "I quite like the buba, but I absolutely love the gele." Àǹtí fi fóònù hàn mí, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní àwọn méjèèjì ló wù ú gan-an. Mo ní ẹ dúró ná, Àǹtí. "Absolutely love" yẹn, gèlè ti pa á nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ará ìlú Ọba bá ní òun "quite like" nǹkan, ohun tó máa ń wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé kò burú, ó dáa náà. Ọmọlúàbí ló ṣe, kò fẹ́ kan yín lábùkù. Mo ní kí wọ́n bi í léèrè. Wọ́n bi í. Òyìnbó ní àfi èjìká bùbá náà tó tóbi díẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó sì gbé aṣọ méjì mìíràn wá. Ohun tó máa ń da orí ènìyàn rú ni pé "quite" kan náà, bó bá bá "agree" tàbí "understand" rìn, pátápátá ló ń jẹ́. "I quite agree": mo gbà pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu irú ẹni tó máa jẹ́.

Mo bi Bàbá Tísà pé báwo lẹni tí kò gbé pẹ̀lú òyìnbó ṣe fẹ́ mọ gbogbo èyí. Wọ́n ní kó má ṣe wá "highly" tàbí "strongly" nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ni kó wá. Ìwé kan wà tí Oxford kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, Oxford Collocations Dictionary lorúkọ ẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i sí "apologise", ẹ ó rí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i rà, kó ní kí ọmọ ilé-ìwé tó wà nílé bá òun wò ó lórí fóònù. Bí kò bá sì sí èyí tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rárá, kó fi "really" ṣáájú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní "really" kì í fẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà, bíi "gan-an" tiwa ló rí. "I really need", "I really like", "I really appreciate", gbogbo ẹ̀ ló ń lọ. Ó lè má dùn bíi yùngbà, ṣùgbọ́n kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù tó kọjá, Bọ̀dá Káfíńtà tún wá. Mo rò pé kò ní bá mi dá nǹkan pọ̀ mọ́ láyé. Ó ní ilé ìwòsàn kan fẹ́ ṣe bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn á máa jókòó lé, wọ́n sì ní kó mú lẹ́tà wá. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ fún Bàbá Tísà kí wọ́n tó rí i. "I work hard, and I check every piece thoroughly before it leaves my shop. I would greatly appreciate the chance to do this work for you." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Káfíńtà ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ná, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́. Ó wá na ìka sí "hard".

"Àbúrò, 'ly' ọjọ́sí dà?"

"Mo ti gé e dànù, Bọ̀dá."

Ó wo ìwé náà títí bí ẹni ń wo pákó tó fẹ́ rà bóyá ó wọ́. Lẹ́yìn náà ló ká a sínú fìlà, ó sì lọ. Kò ra mínírà lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá fèsì. Títí di ọjọ́ tí mo ń kọ èyí, wọn ò tíì pè é.

Ẹ̀yin náà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bá ti gba oúnjẹ lẹ́nu yín rí, tàbí tó ti kó ìpayà bá yín bíi ti Ìyá Aláta, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa. Ẹ lè fi Yorùbá kọ ọ́.